Iyùn Tí Ń Jẹ Ìmọ́lẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ahun ni Oyèrónkẹ́, ẹ ní irọ́ ni. Bí àlejò bá ní òun ti yó, ńṣe ni yóò tún bu ìgbakọ kan lé e: "Ẹnu lẹ fi yó, ikùn yín ò tíì sọ̀rọ̀." Ọdún mọ́kànlá ló ti ń dáná fún Tíṣà Gbádégẹṣin nítòsí Ọjà Igbó l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ebi ò sì pa ẹnikẹ́ni nínú ilé náà rí.

Nǹkan kan ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣì ń gbé l'Ọ́yọ́, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, ìgbẹ́ gbuuru mú Dúrósinmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́ta. Oníkẹ́mísì kan ní kò gbọdọ̀ fún un ní oúnjẹ, kò gbọdọ̀ fún un ní omi, títí di ọjọ́ kejì. Ọmọ ń sunkún omi. Ìyá gbé ife omi dání, òun náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ti kú. Ẹ gbà mí o! Ìgbọràn ló gba ọmọ lọ́wọ́ obìnrin yẹn.

Àpótí onígíláàsì kan wà ní pálọ̀ Tíṣà. Fọláhànmí, ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé, ló kó ohun inú rẹ̀ ti òkè òkun bọ̀: iyùn. Kì í ṣe èyí tí ọba ń so sọ́rùn o, ẹbí rẹ̀ ni, òòyẹ̀ ló wà, ó rọ̀, ẹnu rẹ̀ kéékèèké ń ṣí bí òdòdó. Láti Èkó ni wọ́n ti ń fi kẹ́ẹ̀gì bu omi òkun wá fún un. Alaalẹ́ ni Tíṣà ń jókòó tì í. "Ohun tó kù mí kù lára ìyàwó mi nìyí," ló máa ń wí.

Ní ọyẹ́ ọdún 1988, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Tíṣà níkùn n'Íbàdàn. Ó pe Oyèrónkẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ àwọn iyùn yìí. Edé lílọ̀, ìwọ̀n orí èékánná, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó parí. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ ká kọ́tìnì kí oòrùn wọlé. Ẹ má fi kún oúnjẹ wọn o."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ní í jẹ ìmọ́lẹ̀ yó?

Ó pa àṣẹ mọ́ lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní. Lọ́sẹ̀ kejì, NEPA mú iná lọ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ó ká kọ́tìnì, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti bo oòrùn mọ́lẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo ẹnu kéékèèké wọ̀nyẹn pa dé, wọ́n sún kì. Oyèrónkẹ́ wò wọ́n, ètè gbígbẹ Dúrósinmí ló ń rí.

"Rárá o! Wọn ò ní tàn mí lẹ́ẹ̀mejì."

Ó gba Ọjà Igbó lọ, ó ṣa edé tó dára jù, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó da ṣíbí kan sínú omi. Nígbà tó dàárọ̀, ó da òmíràn. Ó gbàdúrà sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìjọ Aládùúrà. "Ẹ jẹun, ẹ̀yin ọmọ Fọláhànmí. Ẹ ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Nígbà tí iná fi máa dé, omi ti funfun bí omi ògì, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀. Ẹran ara iyùn ń yọ́ bọ́, ó ku egungun. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, kò sí ẹnu kankan tó mira.

Ọjọ́ Sátidé ni Tíṣà dé. Kò tíì jókòó tí Oyèrónkẹ́ fi kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, èmi ni mo pa wọ́n. Mo rò pé ebi ń pa wọ́n ni."

Tíṣà tẹjú mọ́ àpótí. "Báwo lẹ ṣe fún wọn tó?"

"Títí wọn yóò fi yó."

Tíṣà fọwọ́ bojú, ó sunkún bí ọmọdé. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

Nígbà tó yá, Oyèrónkẹ́ gbé ẹ̀kọ mímu wá fún un. Dókítà ti kìlọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni kó máa jẹ, kí ojú abẹ má baà ya. Tíṣà mu ṣíbí mẹ́ta, ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ó tó, Màmá."

Oyèrónkẹ́ dúró tòun ti ìgbakọ lọ́wọ́. Ó wo àwo, ó wo ọkùnrin tó ti rù kan egungun. Kò mọ̀ mọ́ bóyá kí òun bù sí i, àbí kí òun gbé e kúrò.