Ẹni Tó Bá Mi Yí Ọmọ Padà ní Aswani

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ka èyí tán, wọ́n á ní oyún ló ń dà mí láàmú. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Èmi ni mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, ojú mi méjèèjì ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ń rán kọ́tìnì ní ọjà Aswani, ní Ìsọlọ̀. Mi ò lójo nínú. Ọkọ mi máa ń sọ pé tí olè bá ṣìnà wọlé wa, olè náà ló yẹ ká káàánú. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iwin níbi tí mo wà, ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Oyún mi kejì ti wọ oṣù kẹsàn-án nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi gbọ́wọ́ lé mi níkùn, tó tẹ̀ ẹ́ lókè, tó tún tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀. Ó ní kí n lọ ya àwòrán inú mi. Nígbà tí èsì dé, ó ní, "Ìyá Tọ́lá, ọmọ yìí jókòó ni o. Ìdí ló wà nísàlẹ̀, orí wà lókè. Bríìṣì là ń pè é."

"Kí la máa wá ṣe sí i?"

Ó ní àyè ṣì wà kó yí. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa kúnlẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án: kí n gbé orúnkún àti àyà lélẹ̀, kí n gbé ìdí sókè, bóyá ọmọ á ráyè yí. Ó ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa ṣiṣẹ́ o. Tí kò bá yí títí di ọjọ́ tí mo máa rí dókítà, dókítà á gbìyànjú láti fọwọ́ yí i láti òde. Tí ìyẹn náà ò bá bọ́ sí i, iṣẹ́ abẹ ni.

Ìyá ọkọ mi pè wá láti Ìṣẹ́yìn. Wọ́n ti ń pe ọmọ inú mi ní Ìgè, orúkọ tí à ń sọ ọmọ tó bá mú ẹsẹ̀ wáyé. Wọ́n ní obìnrin kan wà ní Èjìgbò tó máa ń fi òrí wọ́ ikùn, kí n lọ bá a, kí n má jẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ kàn mí. Ọkọ mi na fóònù sí mi.

Mo ní, "Màámi, ẹ ṣeun. Ẹni tí kì í bá ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ò ní fọwọ́ kan ikùn mi. Tó bá yí, ó yí. Tí kò bá yí, kí wọ́n là mí. Ọmọ yìí máa wọlé wa láàyè."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Láàárọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì nílé ni mo ti ń kúnlẹ̀. Lọ́sàn-án, inú ìsọ̀ ni, torí mi ò lè tilẹ̀kùn ọjà. Mo tẹ́ ẹní sẹ́yìn tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo ta kọ́tìnì kan sẹ́nu ọ̀nà káwọn èèyàn má máa wo ìdí mi, mo sì kẹ̀yìn sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà láàárín wa, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Gbogbo wa ni ìyá wa kìlọ̀ fún: má dorí kodò nínú ọjà, má gba àárín ẹsẹ̀ rẹ wòran, torí kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń nájà. Wọ́n ní àwọn kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn kì í kanlẹ̀. Ṣé mo rántí? Mi ò rántí rárá. Bí ọmọ ṣe máa yí nìkan ló gbà mí lọ́kàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ tí Aswani máa ń kún jù. Mo kúnlẹ̀, mo gbórí lélẹ̀. Láti àárín ẹsẹ̀ mi, mò ń rí ìsàlẹ̀ kọ́tìnì, mo sì ń rí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lóde. Ó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín, bàtà oríṣiríṣi tí wọ́n ń fi orí rìn.

Ẹsẹ̀ méjì wá dúró. Ẹsẹ̀ obìnrin ni, ó wú bí tèmi ṣe wú, ó sì lé làálì dúdú. Mo fẹ́ sọ pé "ẹ mú sùúrù, mò ń bọ̀," ni mo bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ náà ò kanlẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, ariwo ọjà ò dákẹ́. Ẹnì kan ń ná léèsì lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnì kan ń pe "ẹ yà, ẹ yà!" Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé gbogbo nǹkan wà bó ṣe máa ń wà. Mo dìde, mo ká kọ́tìnì sókè. Mi ò rí ẹnì kankan.

Ẹlòmíì á ti lọ sílé. Èmi jókòó, mo mumi. Ọmọ fi orí gún mi lábẹ́ ìhà, níbi tí orí rẹ̀ ò yẹ kó wà lákòókò yẹn, inú wá bí mi. Mo ní ohun yòówù tó ń nájà níbí ò ní dí mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo tún kúnlẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ náà ti wà nínú ìsọ̀.

"Ọmọ wa ńkọ́?"

Ó rọra sọ ọ́ ni, bí ẹni mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni wọn kì í bi bẹ́ẹ̀? Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó rò ó.

"Ó wà o. Ó jókòó ni."

"Tèmi náà jókòó. Mo ní kí ọjà ọjọ́ yẹn tán ná."

Mi ò lè gbórí sókè. Kì í ṣe pé nǹkan dì mí mú. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tí mo bá gbórí, mi ò ní rí i mọ́, á sì ṣì wà lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tí aṣọ rẹ̀ ń fà sún mọ́ mi.

"Ṣé kí n bá wa yí ọmọ wa?"

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Ọjọ́ dókítà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bríìṣì yẹn. Ọmọ yìí ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ nǹkan míì. Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, ẹ bá wa yí ọmọ wa. Tẹ́ ò bá lè ṣe é, ẹ kúrò lẹ́yìn mi."

Ọmọ wa. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ọwọ́ méjì bọ́ sábẹ́ ikùn mi, ó tutù bí omi àmù. Kò tẹ̀ mí, kò fún mi. Ọmọ náà ló gbéra, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára bí orí ṣe ń lọ sísàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń bọ̀ lókè, díẹ̀díẹ̀. Mo sunkún, ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn. Nígbà tí mo dìde, èmi nìkan ni mo wà nínú ìsọ̀.

Mi ò dúró jẹun. Ọ̀sán yẹn náà ni mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ. Ó yẹ̀ mí wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Tọ́lá, ó ti yí o!" Ó ní àwọn kan máa ń yí fúnra wọn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Ìyá Sùkùrá tó ń ta léèsì ní ọ̀kánkán mi, tó ti pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Mo bi í pé ta ló wà ní ìsọ̀ mi kí n tó gbà á. Mo ní obìnrin kan tó lé làálì ni mò ń béèrè.

Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Ta ló sọ fún ẹ?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ rẹ̀ jókòó. Wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́sibítù, ó ní kí òun tajà ọjọ́ Ìṣẹ́gun tán ná. Inú ìsọ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Òun àtọmọ náà ò padà wá. Jọ̀ọ́, má bi mí mọ́."

Ọsibítù ni mo bímọ sí. Ọmọbìnrin ni, orí ló mú wáyé, igbe rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá kan. Ìtùnú la sọ ọ́. Ó ti ń rìn báyìí, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú ìsọ̀, ó dojú kọ mí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ tọ́mọ bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Sùkùrá pàtẹ́wọ́ lóde: "Ó ń wo àbúrò ẹ̀ o! Òmíì ti ń bọ̀!" Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìtùnú wá juwọ́ sí ìdí kọ́tìnì. Ó ní, "Mọ́mì."

Èmi wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wà nídìí kọ́tìnì yẹn. Mo wo ojú Ìyá Sùkùrá, òun náà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo gbé ọmọ mi, mo kó kúrò nínú ìsọ̀ yẹn, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ilé wa ní Ire-Akari ni mo ti ń ránṣọ báyìí. Ṣùgbọ́n lánàá, Ìtùnú tún dorí kodò ní pálọ̀. Kò pe mọ́mì lọ́tẹ̀ yìí. Ó na ọwọ́ méjèèjì gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ọmọ ṣe máa ń nawọ́ sí ẹni tó fẹ́ gbé e. Mo sáré gbé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin aboyún, tí nọ́ọ̀sì bá ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, àmọ́ ilé yín ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́sibítù, ẹ má dúró de ọjà kankan. Tí ẹni tẹ́ ò rí ojú rẹ̀ bá sì bi yín pé "Ọmọ wa ńkọ́?", ẹ sọ fún un pé ọmọ tiyín ni. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi ò sọ ọ́ nígbà tó yẹ, ojoojúmọ́ ni mo wá ń sọ ọ́ báyìí.