Òjò Dídì Nínú Páálí Bàtà

Lásìkò ọyẹ́, kùrukùru máa ń bo àwọn òkè Ìdànrè títí oòrùn yóò fi ga. Ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé òkè ti palẹ̀ mọ́, ó ti lọ.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà, ọ̀dọ̀ mi ló fi àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì sí. Èyí àbúrò kì í jẹ́ kí fóònù sinmi. Èyí ẹ̀gbọ́n kì í bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Bí fóònù bá ti dún, yóò gbé korobá, yóò ní òun ń lọ pọnmi, bẹ́ẹ̀ omi kún inú ilé. N kò bá a wí. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́ kò ṣe é fi ipá mú sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé kan, ìyá wọn fi fídíò ránṣẹ́. Òjò dídì ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, kò dún rárá, bí ìgbà tí ènìyàn ń tú ìrọ̀rí dànù. Inú Bíbélì nìkan ni mo ti ń kà nípa rẹ̀.

Àbúrò ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa."

Mo mú páálí bàtà kan, mo gé iwájú rẹ̀ kúrò. Àwa méjèèjì lọ sí ìdí igi àràbà tó wà lójú ọ̀nà oko kòkó. Èso rẹ̀ ti là. Òwú rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́, ó ń bà lé wa lórí, ó ń bà lé koríko, àfi bíi pé mo ń lá àlá lójú oorun. A ṣà á kún ọ̀rá kan.

Nígbà tí a délé, a tẹ́ òwú náà sínú páálí. Èèpo kòkó gbígbẹ la fi ṣe ilé, a sì gé ojú fèrèsé sí i lára. Àbúrò kó òkúta sẹ́yìn ilé náà. Mo ní bóyá kò sí òkè níbi tí ìyá rẹ̀ wà.

Ó ní, "Kí ni wọ́n wá ń wò tí wọ́n bá jí?"

Òkúta dúró síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti ń wò wá látẹnu ọ̀nà. Ó wọlé wá, ó mú péègì kan tí a fi ń sá aṣọ, ó wé àjákù ìró ìyá rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé e sórí òwú. Ó wò ó títí, ó tún gbé e kúrò.

Ó ní, "Òtútù á mú wọn níta."

Ó tì í sínú ilé. Ó fi ọ̀rá pupa bo tọ́ọ̀ṣì kékeré, ó gbé e sẹ́yìn èèpo kòkó náà. Ìmọ́lẹ̀ yọ lójú fèrèsé, òwú sì pọ́n bí oyin.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló gbé e, ó kọjú rẹ̀ sí páálí.

"Mọ́mì, ẹ wò ó. Inú ilé lẹ wà."

Ìyá rẹ̀ ní, "Mo rí i. Ó móoru níbẹ̀."

"Ṣé òtútù ń mú yín?"

"Ó ń mú mi gan-an láàárọ̀, bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́."

"Ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì."

Mo fa àbúrò lọ́wọ́ lọ sí ilé ìdáná, a lọ ṣa ẹ̀wà. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orí ọjọ́ tí ìyá wọn wọkọ̀ lọ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn fún un, ó ń sọ ọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.