Àrán Ìyá Mi Nínú Àwo DVD

Ìró kan wà tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ mọ́: bí ẹ̀rọ DVD ṣe máa ń kùn bí oyin kí àwòrán tó yọ. Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú pálọ̀ mi ní Bódìjà, ọkàn mi sì fò padà sí Iléyá àkọ́kọ́ tí a ṣe ní àdúgbò yìí, nígbà tí bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wa kúrò ní agboolé wá sílé tuntun. Ilẹ̀ pupa ló yí wa ká nígbà náà. Koríko ga ju àwa ọmọdé lọ, òórùn ẹran àgbò tí wọ́n ń dín sì máa ń bá wa dé ìdí igi máńgòrò tí a ti ń ṣeré.

Bàbá ló ń ra aṣọ ọdún nílé wa. Irú kan náà ni ìyàwó méjèèjì àti gbogbo ọmọ ń wọ̀, kí ará àdúgbò má baà mọ ẹni tó fẹ́ràn jù. Lọ́dún yẹn, àrán aláwọ̀ ewé ló rà ní Gbági. Àrán nínú oòrùn Ìbàdàn! A làágùn bí ẹni tó ń gúnyán.

Ìyá mi kú nígbà èwe mi. Láti ìgbà náà ni Àǹtí Múlíkà, ọmọ ìyáálé rẹ̀, tó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ti ń sọ pé ìyá mi kọ aṣọ náà, pé àrán pupa tó fowó ara rẹ̀ rà ló wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ó sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó mi. Ó sọ ọ́ níbi òkú bàbá wa. "Ìyá tirẹ̀ kò wọ aṣọ ilé wa," àwọn ẹbí á sì máa wò mí bí àlejò nínú ilé bàbá mi. N kò gbàgbé ọ̀kan níbẹ̀.

Òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan, olùkọ́ ní yunifásítì, ń gbé ní òdìkejì títì nígbà náà. Ó fi kámẹ́rà rẹ̀ ya fíìmù wa lọ́jọ́ ọdún náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí a jọ ń ṣeré lábẹ́ máńgòrò, ló rí i nínú ẹrù bàbá rẹ̀, tó gbé e sórí àwo DVD, tó fi ránṣẹ́ sí mi. N kò dá a wò. Mo ránṣẹ́ pe Àǹtí Múlíkà láti Ring Road, kí àwo náà bá wa dá ẹjọ́ yìí.

Àwòrán yọ. Ó ń yí gbirigbiri, kò sì ní àwọ̀ kankan. Ìyá mi nìyẹn, ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àrán rẹ̀ rí bí eérú. Ewé àti pupa, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú eérú.

Àǹtí fi etí ìró rẹ̀ nu àwo náà. Ó gbá tẹlifíṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a ti ń gbá rédíò bàbá wa. Kò yí padà.

"Ayé àtijọ́ kò ní àwọ̀, ìwọ ọmọ yìí. Kí lo pè mí wá wò?"

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Àwo Amẹ́ríkà ni. Tẹlifíṣàn wa kò gbọ́ èdè rẹ̀."

"Háà! Tẹlifíṣàn náà ti wá ń gbọ́ èdè! Ìwé ti bà ọ́ jẹ́."

Ìwé kọ́. Láyé fídíò kásẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà máa ń ṣe: NTSC ni ìlànà tí tẹlifíṣàn tiwọn ń lò, PAL ni tiwa ń lò. Mo mú rìmóòtù, mo yí ètò ẹ̀rọ DVD náà sí PAL, kó lè máa túmọ̀ fún tẹlifíṣàn.

Àwòrán dúró. Àwọ̀ sì dé. Ewé lára ìyáálé, ewé lára àwa ọmọ, ewé lára ìyá mi láti àyà dé ẹsẹ̀! Láti ìgbà omidan mi ni mo ti to èébú tí mo fẹ́ bu Àǹtí sí ètè. Mo yíjú sí i.

Kò tilẹ̀ wo aṣọ. Ọmọbìnrin kan wà nínú àwòrán tí ooru mú sunkún. Ìyá mi gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń fi etí àrán rẹ̀ nu ojú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹ.

"Èmi nìyẹn," ni Àǹtí wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ìyá wa nìyẹn."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Dá a padà sẹ́yìn, kí n tún rí i."

Mo dá a padà.

Ilé ti gba gbogbo ààyè koríko wa, wọ́n ti gé máńgòrò náà, ẹ̀rọ DVD pàápàá ti ń di ohun àtijọ́. Èmi náà kò tíì dárí jì í tán, ẹ má tan ara yín jẹ; èébú náà ṣì wà lábẹ́ ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n Àǹtí ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn tó ti fi irọ́ yẹn tọ́, kí wọ́n wá wo ìyá wa pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Mo ti nu eruku ara tẹlifíṣàn. PAL ni mo fi ẹ̀rọ náà sí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.