Igba Ọ̀pá Alumí

Ọdún mọ́kànlélógún ni Bádéjọ fi tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ní iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Kaduna kí wọ́n tó tì í pa. Ariwo ẹ̀rọ ti ba etí òsì rẹ̀ jẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ lọ sí Panteka, ọjà àwọn oníṣẹ́ irin, ó ń gé irin fẹ́ni tó bá fẹ́.

Ibẹ̀ ni Kaosarah bá a lọ́dún 2021. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Barnawa ní Kaduna ni. Ìmọ̀ físíìsì ló ń kà fún oyè dókítà.

"Baba, ẹ bá mi gé igba ọ̀pá alumí oníhà mẹ́ta. Ọ̀kan ò gbọdọ̀ fi ìbú irun orí ju èkejì lọ."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Màá tò wọ́n sórí pátákó. Lápá kan, màá yí ṣóńṣó wọn sọ́tùn-ún díẹ̀. Lápá kejì, sósì. Ìró tí mo bá yàn kò ní lè wọ apá kankan, ààlà àárín wọn nìkan ni yóò máa tọ̀. Bí ààlà náà bá ṣẹ́ kọ́nà, ìró á bá a ṣẹ́ kọ́nà, kò ní padà sẹ́yìn."

Bádéjọ ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó fi oṣù mẹ́rin gé e. Lọ́jọ́ tí Kaosarah mú un lọ sí yàrá ìwádìí ní yunifásítì, tó sì rán ìró gba ààlà náà, Bádéjọ gbé etí ọ̀tún sẹ́nu rẹ̀, ó gbọ́ ìró náà ketekete. Ó sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìró pòórá.

"To," ló wí ní Hausa, bí ẹni ń sọ pé ó dáa. Ó tún gbé etí padà.

Kaosarah ò tíì wọn nǹkan tán tí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn padà, olè ti já fèrèsé yàrá ìwádìí, wọ́n ti ta àwọn ọ̀pá náà fún baban bola, àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bádéjọ fọjọ́ mẹ́ta wá wọn kiri Panteka, títí ọkùnrin kan tó ń yọ́ alumí fi na ọwọ́ sí òkìtì ìkòkò tuntun.

"Ọ̀gá, àwọn nìyẹn."

"Màá tún wọn gé," ni Bádéjọ sọ fún Kaosarah.

Ó gé ọgbọ̀n. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Kaosarah wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn ò dọ́gba.

"Ó dáa, Baba. Ẹ ṣeun."

Ó kó wọn sápò, kò béèrè ìgbà tí ìyókù yóò parí. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Bádéjọ gbọ́ pé Kaosarah ti pa ìwé kíkà tì, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níléèwé kan ní Kamazou, ní Kaduna níbẹ̀.

Bádéjọ ta ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí Folúṣadé ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ìdí, ó ní ojú òun ni. Kò dárúkọ Kaosarah.