Ìyá Iná Tó Kú ní Gáréèjì Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gun orí báàkẹ́ẹ̀tì tí a dojú rẹ̀ dé kí n tó lè rí inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, dráyà mẹ́rin, ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ, ló wà ní gáréèjì ilé wa ní Redan, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà. Mẹ́rin, nínú ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì ń gbé. Mọ́tò kò ráyè wọ ibẹ̀. Mọ́tò Dádì mi ń sùn sínú òjò, àwọn dráyà rẹ̀ ń sùn sábẹ́ òrùlé. Mọ́mì a sì máa sọ fún àwọn àlejò pé àwọn ìyàwó tí ọkọ òun fẹ́ lé òun nìyẹn, pé wọn kì í yọ òun lẹ́nu, gáàsì nìkan ni wọ́n ń mu.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé lónìí, dráyà tí ẹ mọ̀ ni èyí tí ẹ ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, tí ẹ ó sì bá tiyín lọ. Ti Dádì mi kò rí bẹ́ẹ̀. Gáàsì ni wọ́n ń lò, bíi ti ẹ̀rọ ìdáná. Nísàlẹ̀ wọn lápá òsì, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi ìgbà náà lọ. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí iná aláwọ̀ búlúù kan tí kò ju èékánná lọ, tó ń jó jẹ́jẹ́. Iná yìí kì í kú, yálà aṣọ wà nínú ẹ̀rọ tàbí kò sí. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, òun ni yóò ran iná ńlá tí yóò mú aṣọ gbẹ. Dádì mi ń pè é ní ìyá iná, nítorí òun ló ń bí èkejì.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n so mọ́ gáàsì. Àwọ̀ bọ́tà ni, ó ní fèrèsé róbótó níwájú, bí ó bá sì ń yí, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń kùn orin láìya ẹnu. Àwọn tí wọ́n ń kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n kàn lè wò ó, nítorí ó ti ṣọ̀wọ́n. Dádì kì í dá wọn lóhùn bí wọ́n bá ní kí ó tà á. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Atlanta gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ilé ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kan ló ti ń ṣiṣẹ́, irú dráyà yìí ló sì máa ń fẹ̀yìn tì nígbà òtútù. Ó ní ohun tó bá gba ènìyàn lọ́wọ́ òtútù, a kì í gbé e jù sí ààtàn.

Ọdún tí Mọ́mì bí àbúrò mi kejì ni ìyá Mọ́mì wá láti Ìbàdàn láti bá a wẹ ọmọ. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Kò fẹ́ràn dráyà rárá. Àwọn alákòóso àdúgbò wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni na okùn aṣọ síta, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun Màmá.

“Ẹ kì í sá aṣọ nílẹ̀ yìí,” ó máa ń wí. “Ẹ ń yan án ni.”

Lọ́jọ́ kan mo ṣí ilẹ̀kùn kékeré yẹn fún un kí ó lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí.

“Ta ló ń dáná síbẹ̀ yìí?”

“Kò sẹ́nìkan, Mà.”

“Iná wo wá ni? Ta ló ń jó fún?”

“Bó ṣe máa ń wà nìyẹn, Mà.”

Ó rọra ti ilẹ̀kùn kékeré náà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń jẹun láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọjú sí Dádì. “Bàbá wọn, iná kan mà ń jó lọ́hùn-ún tí kò sẹ́ni tó ń yá a.”

Dádì rẹ́rìn-ín. “Ẹ má da ara yín láàmú, Mà. Ìyá iná nìyẹn.”

“Ìyá iná kẹ̀? Ta wá ni bàbá rẹ̀?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì bá oúnjẹ wa lọ. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ irú ènìyàn tí Màmá jẹ́. Àtùpà àti sítóòfù elékerosíìnì ló lò dàgbà. Kò jẹ́ kúrò níbi tí iná bá wà láìkọ́kọ́ pa á. Ní tirẹ̀, ẹni tó bá fi iná sílẹ̀ tó ń jó lásán ti fi ilé sílẹ̀ fún ewu.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Dádì lọ ra nǹkan. Mo gbé táwẹ́ẹ̀lì lọ sí gáréèjì, mo sì bá Màmá níbẹ̀. Ó tẹ́ ìpèlé rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó kúnlẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré náà, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ìgbà tí ènìyàn ń pa àtùpà. Èkíní kò ràn án. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, iná náà kú. Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó di ẹ̀rọ mú dìde, ó sì rí mi.

“Ìyá mi,” ó ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, “ẹ gbàgbé iná. Mo ti bá yín pa á.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó wọlé lọ wẹ ọmọ. Mo mọ̀ pé iná yẹn kì í kú, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ta ni èmi tí n ó sọ fún Màmá pé ohun tó ṣe kò dára? Mo lọ jókòó sídìí tẹlifíṣàn.

Kò pẹ́ tí òórùn kan fi gba ilé, bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mọ́mì kó gbogbo ẹyin inú fìríìjì jáde, ó ń gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti gbóòórùn ìkẹfà kí ọkàn rẹ̀ tó lọ sí gáàsì tó ń tú jáde láìsí iná tí yóò jó o. Ó lé gbogbo wa jáde. Ọṣẹ ṣì wà lára ọmọ jòjòló nígbà tó gbé e, Màmá sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú kàìnkàìn lọ́wọ́.

Orí koríko iwájú ilé ni Dádì bá wa. Ó sáré ti gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ṣí ilẹ̀kùn ńlá gáréèjì, ó sì dúró pẹ́ kí ó tó wọlé. Mo ń yọjú wò ó. Ó mú ohun kan nílẹ̀ níwájú dráyà, ó wò ó, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi í sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ fífọ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde wá bá wa.

“Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́,” ó ní. “Iná rẹ̀ ń kú fúnra rẹ̀.”

“Ohun tí mo ti ń sọ nìyẹn,” ni Mọ́mì wí. “Ó yá, yálà òun tàbí èmi.”

Màmá béèrè pé, “Ṣé bí iná yẹn bá kú, ó léwu ni?”

“Bí ẹ̀rọ bá dára, iná rẹ̀ kì í kú, Mà. Ẹ̀bi ẹ̀rọ ni.”

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkùnrin kan tó ń kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ wá láti Marietta, ó gbé e lọ. Dádì bá a gbé e sínú ọkọ̀, lẹ́yìn náà ó dúró sí àyè tó ṣófo yẹn títí Mọ́mì fi pè é wá jẹun. Mo ń wò ó lójú fèrèsé. Gbólóhùn kan láti ẹnu mi ni ìbá jẹ́ kí dráyà rẹ̀ dúró, mi ò sì sọ ọ́. Màmá padà sí Ìbàdàn, ó sì dolóògbé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ ohun tó ṣe. Èmi ni mo ń gbé e kiri.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin Marietta yìí, tí òun náà ti darúgbó, pe àwọn tí ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ sí ilé rẹ̀. Mo gbé Dádì lọ láti Snellville, níbi tí àwa méjèèjì ń gbé báyìí. Wọ́n jókòó yíká, oníkálukú ń sọ bí ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó kan onílé, dráyà aláwọ̀ bọ́tà yẹn ló nawọ́ sí. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gbé e dé, iná rẹ̀ kò kú rí, àfi bí òun bá fọwọ́ ara òun pa á.

Mo tẹ̀ sí etí Dádì, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá.

“Dádì, ẹ̀rọ yẹn kò bàjẹ́ nígbà yẹn. Màmá ló fẹ́ iná rẹ̀ pa. Mo wà níbẹ̀.”

Kò tilẹ̀ yíjú. “Ìpèlé ta lo rò pé mo ká níbẹ̀?”

Mo yíjú wò ó.

“Ìyá iná kú, a ó tún un tàn,” ó ní. “Bí ojú bá ti ìyá ìyàwó mi níwájú gbogbo yín ńkọ́, kí ni mo fẹ́ fi tún un ṣe? Ẹ̀rọ kò ní ojú tí yóò tì í.”

“Ẹ ìbá sì sọ fún mi, Dádì. Láti ọjọ́ yìí.”

“Ìwọ náà kò sọ fún mi.”

Onílé béèrè bóyá Dádì fẹ́ tan ìyá iná náà fún wa. Eékún Dádì kò dára mọ́. Mo bọ́ súwẹ́tà mi, mo ká a, mo tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì, ó sì kúnlẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti rí ẹnìkan ṣe é rí.

Dráyà tó wà ní ilé mi lónìí kò ní ìyá iná. Ìgbà tí a bá nílò iná ló ń tàn án, kò sì sẹ́ni tó lè ṣèèṣì fẹ́ ẹ pa. Ìyẹn dára, ara wa balẹ̀. Ó ní ojú kékeré kan níwájú. Bí ohunkóhun bá ṣe é, ibẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sí, yóò sì fi ránṣẹ́ sí fóònù mi: ilẹ̀kùn tí a kò tì dáadáa, aṣọ tó pọ̀ jù, àti wákàtí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ mi á kà á, wọ́n á wo aago, wọ́n á sì mọ ẹni tó ṣe é kí n tó dé láti ibi iṣẹ́. N kò bá wọn jà, òtítọ́ ni mo kọ́ wọn. Ohun tí mo kàn ṣàkíyèsí ni pé ẹ̀rọ ìsinsìnyí ti lójú, kì í sì í bá àgbà gbé ẹ̀bi mọ́.