Pósítà Ṣáájú Orin

Títí dòní, bí mo bá ti rí pósítà lára ògiri, inú àbúrò mi a tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Rap ló ń kọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń bá a gbé orin jáde, àfi èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo ń tẹ̀wé ní Ṣómólú.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀, gbogbo ọmọ Bàrígà ló fẹ́ di olórin. Àwọn yòókù á kọrin tán kí wọ́n tó tẹ pósítà. Tiwa á kọ́kọ́ tẹ pósítà ná: òun pẹ̀lú dígí dúdú lójú, "Ó TI JÁDE" gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀. Tí mo bá bèèrè orin, á ní, "Brọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ó kù díẹ̀." Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ti ń sáré kiri àdúgbò.

Màmá wa wá ń fi àwọn pósítà tó ṣẹ́kù wé ẹja gbígbẹ fún oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan láti àdúgbò Pedro gbé pósítà tó ń rùn bí ẹja padà wá.

"Ọmọ mi ní kí n ra kásẹ́ẹ̀tì yìí. Mo wá a dé Fádèyí, mi ò rí i."

Màmá wò mí. Èmi náà wo àbúrò mi tó jókòó sórí àpótí. Mo rò pé ojú á tì í.

Ó yọ bírò, ó buwọ́ lu pósítà náà fún ìyá yẹn, ó wá yíjú sí mi.

"Brọ̀dá mi, ẹ ò rí i? Ọjà ti ń yá. Ẹ tún bá mi tẹ̀ ẹ́ sí i."