Ẹni Tí Ọmọ Náà Ń Wò

Kí gan-an ni ọmọ ọwọ́ ń wò? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbé sùn, òun náà ni mo máa ń gbé jí, nígbà tí mo ń ya fótò ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ẹ gbọn kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ kan, ọwọ́ yín ni yóò wò. Ẹ fi bọ́ọ̀lù hàn án, bàtà ìyá rẹ̀ ni yóò tẹjú mọ́. Àgbàlagbà tó bá jókòó síwájú kámẹ́rà mi mọ ohun tó fẹ́ kí ayé rí. Ó ti lo páúdà, ó ti gẹ fìlà. Ọmọ ọwọ́ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ayé ń wo òun. Ìyẹn ló mú kí iṣẹ́ náà le, ìyẹn náà ló sì mú kó wù mí.

Òfin kan ni mo wá fi de ọ̀rọ̀ náà: ìdákẹ́jẹ́. Bí ọmọ bá ti wọlé, màá ti ilẹ̀kùn, màá pa rédíò, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ wúkọ́. Onínúfùfù ni mí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Bàbá tó ń lẹ táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi kì í fọwọ́ kan irin bó bá ti rí i pé mo tìlẹ̀kùn. Òfin náà máa ń ṣiṣẹ́, àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá láti Mushin.

Bàbá àti ìyá rẹ̀ ló gbé e wá, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó fẹ́ wọ rélùwéè ní Ìdó lọ sí Ìkìrun lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n yìí ló sọ̀rọ̀.

“Fótò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yà á kó máa rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ló lọ sọ fún ìyá wa nílé pé ọmọ yìí kì í rẹ́rìn-ín, pé ó jọ pé ara ẹ̀ ò yá. Látìgbà yẹn, màámi ò jẹun gidi mọ́. Wọ́n ní àfi táwọn bá fojú ara àwọn rí eyín ọmọ náà.”

“Kí ló dé tí bàbá rẹ̀ ò gbé e lọ fún wọn?” ni mo bi í.

Bàbá ọmọ ló dá mi lóhùn, ó ń wo ilẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè fọwọ́ òfo délé.” Ó ti pẹ́ tí ìyá tirẹ̀ nílé ti rí i kẹ́yìn.

Mo tìlẹ̀kùn. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí bí adájọ́. Bí a ṣe ń dákẹ́ sí i ni ojú rẹ̀ ń le sí i. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́, mo jágbe mọ́ ọn. Ètè ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àánú ìyá àgbà tí mi ò mọ̀ rí ṣe mí, inú sì tún ń bí mi.

Àfi gbàràgàdà níta! Bàbá alẹtáyà ló jẹ́ kí rímù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti dìde láti lọ bú u, kí n tó rí i pé ojú ọmọ náà ti tú ká.

Mo gbàgbé èébú. “Ibo lẹ̀ ń gbé gan-an?”

“Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù dádì ẹ̀ ni,” ni ìyá ọmọ wí. “Wọ́n máa ń fi òòlù na ara mọ́tò tó bá ti tẹ̀. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni.”

“Ọmọ wá ń sùn?”

“Ó ń sùn dáadáa. Ọjọ́ Sunday tí wọn ò ṣiṣẹ́ ló máa ń sunkún.”

Ẹ̀rín pa mí. Ariwo tí mò ń lé jáde nítorí gbogbo ọmọ, òun ni wọ́n fi ń rẹ èyí lẹ́kún. Ìdákẹ́jẹ́ mi ló ń dẹ́rù bà á.

Mo ní kí bàbá rẹ̀ lọ yá rímù náà wá, mo fún un ní òòlù tí mo fi ń kan férémù. Mo fẹ́ kó dúró sẹ́yìn mi, kí ojú ọmọ lè bọ́ sí kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri ló dúró sí, ó sì lù ú kí n tó lanu. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín wẹẹrẹ náà yọ síta. Mo tẹ kámẹ́rà. Kí n tó yí fíìmù síwájú, wọ́n ti gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ti rá lọ dì mọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Kò gbà kí a gbé òun padà sórí àpótí mọ́.

Nígbà tí mo fọ fótò náà, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ni ọmọ ń wò. Lójú tèmi, fótò tó bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá ṣe mú un lọ sí Ìkìrun.

Nígbà tó padà dé, ó yà sọ́dọ̀ mi. Ó ní ìyá àwọn rí eyín ọmọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ìka tọ ibi tí ojú ọmọ kọ sí, títí ìka wọn fi dé etí fótò.

“Wọ́n ní, ‘Ta ló dúró síbí?’ Mo ní bàbá ẹ̀ ni. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, ‘Sọ fún un kó máa bọ̀ nílé. Ẹni tí ọmọ ń wò báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo.’ ”

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá ọmọ wá dágbére fún mi. Ó gbé ọmọ sí èjìká, òòlù yọrí nínú báàgì rẹ̀. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ ló tún fẹ́ lọ ṣe ní Ìkìrun ni.

“Rárá o, Ẹ̀gbọ́n,” ló wí. “Agboolé wa lọ́hùn-ún dákẹ́ jù. Mi ò fẹ́ kó lọ máa sunkún lójú màámi.”